Kí ni onímọ̀ òkun ń wá ní Ìbàdàn tí kò ní òkun?

“Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Ọmọ Ìlàjẹ ni mí, láti Ayétòrò, mo sì ń kẹ́kọ̀ọ́ gboyè ìjìnlẹ̀ kejì ní Èkó. Iṣẹ́ ìwádìí mi dá lórí ike wínníwínní tí mo ń rí nínú ikùn ẹja ṣáwá. Mo fi àṣamọ̀ iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí àpérò ọlọ́jọ́ mẹ́ta kan lórí ìmọ̀ òkun tí yóò wáyé ní Ìbàdàn. Wọ́n gbà á, ṣùgbọ́n pósítà, ìyẹn bébà ńlá tí a ń gbé kọ́ kí àwọn ènìyàn lè ka iṣẹ́ ẹni lórí rẹ̀, ni wọ́n ní kí n gbé wá, wọn kò ní kí n sọ̀rọ̀. Bàbá mi, tí ó jẹ́ apẹja, bi mí pé ẹja wo ni wọ́n ń pa ní Ìbàdàn tí ẹnikẹ́ni yóò fi lọ gbọ́ ọ̀rọ̀ òkun níbẹ̀. Owó ọwọ́ mi kò pọ̀. Ṣé kí n lọ ni, àbí kí n dúró de èyí tí wọn yóò ṣe ní etí òkun?”

Ọmọ mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka lẹ́tà rẹ, mo sì rí i pé ìbéèrè mẹ́ta ni o dì sínú ẹrù kan. Ti bàbá rẹ ni àkọ́kọ́, pé kí ni ó pa òkun àti Ìbàdàn pọ̀. Èkejì ni ìrora tí ó fara pamọ́ sínú “wọn kò ní kí n sọ̀rọ̀”, bí ẹni pé ìdí ìlẹ̀kùn ni wọ́n fi ọ́ sí. Ti owó ni ẹ̀kẹta, èyí tí o fi gbólóhùn kan ṣoṣo sọ, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni ó wúwo jù. Ẹ̀kọ́ nípa ẹja ni mo fi ohun tí ó lé ní ọgbọ̀n ọdún kọ́ àwọn ọmọ kí n tó fẹ̀yìn tì sí Bódìjà níhìn-ín. Mo ti lọ sí àpérò tí mo jèrè rẹ̀ títí di òní, mo sì ti lọ sí èyí tí mo kábàámọ̀ kí ọkọ̀ tó gbé mi délé, nítorí náà n kò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn ọ́.

Bàbá rẹ kò purọ́. Láti Ìbàdàn dé ibi tí ìgbì ti ń lu iyanrìn ju ọgọ́rùn-ún kìlómítà lọ, ẹja tí a sì ń rí pa níhìn-ín kò ju epìyà àti àrọ̀ àti irú wọn lọ, láti inú odò tí wọ́n sé ní Ẹlẹ́yẹlé àti Asẹ́jírẹ̀, àti láti inú kòtò tí a fi bíríkì àti sìmẹ́ńtì mọ. Ibi tí èmi àti bàbá rẹ ti yà síra ni pé ó rò pé ibi tí a ti ń rí ẹja ni a ti ń mọ̀ nípa ẹja, bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni ẹni tí ń pa ẹja, ọ̀tọ̀ ni ẹni tí ń yan án, àti pé ìdí ààrò kò sí nínú ọkọ̀. Ìmọ̀ òkun rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó lo ọjọ́ mẹ́rin lójú omi lè lo oṣù mẹ́rin nídìí máíkíròsíkóòpù lẹ́yìn rẹ̀, ìdí máíkíròsíkóòpù yẹn sì ni òye ti máa ń wá, tí ó bá máa wá.

Nígbà tí èmi náà jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ bíi tìrẹ, orí ẹja àpò, èyí tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní kúrókà, ni mo máa ń kó láti Èkó wá sí Ìbàdàn nínú kúlà tí mo kó yìnyín sí. Ní ọjọ́ kan, ọkọ̀ wa dúró sínú sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ lójú ọ̀nà márosẹ̀, yìnyín sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Omi ẹja ń kán tó, tó, tó sórí àpò èlùbọ́ ìyá kan tí ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kí n tó délé, mo ti san owó èlùbọ́, ìyá náà sì ti ṣépè fún gbogbo ẹja inú òkun láìyọ ẹyọ kan sílẹ̀. Ohun tí mo tìtorí rẹ̀ jìyà yìí kò ju òkúta kékeré méjì lọ nínú orí ẹja kọ̀ọ̀kan, funfun bí eyín, èyí tí ẹja fi ń gbọ́ràn, tí ó sì fi ń mọ ibi tí òun dà kọ sí nínú omi. Òkúta náà ń tóbi ní ìpele-ìpele bí ẹja ti ń dàgbà. Ní ilẹ̀ olótùútù, bí òtútù bá dé, ìdàgbàsókè ẹja a falẹ̀, ìlà kan a sì hàn lórí òkúta náà, tí a fi lè ka ọdún rẹ̀ bí a ti ń ka ọdún igi. Tiwa kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé a kò ní òtútù tí yóò fàlà bẹ́ẹ̀ sí i. Àwọn ìlà wínníwínní tí ń wà fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, èyí tí àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kà ní nǹkan bí ọdún 1971, ni ó gbà wá sílẹ̀. Kí wọ́n tó lè hàn, o ní láti fi òkúta náà lẹ̀ mọ́ gíláàsì, kí o máa fi bébà ìdán dán an títí yóò fi tín-ín-rín débi pé ìmọ́lẹ̀ yóò là á já. Bí o bá fi ìka tẹ̀ ẹ́ jù bó ti yẹ lọ, ó ti fọ́ nìyẹn, o sì ti pàdánù ẹja kan. Gbogbo èyí ni mo ṣe nínú yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí igi máńgòrò, n kò sì gbúròó ìgbì rí níbẹ̀.

Kì í ṣe Ìbàdàn nìkan ni ọ̀rọ̀ rí bẹ́ẹ̀ fún. Ní orílẹ̀-èdè Belgium, ìlú kan wà tí ń jẹ́ Liège, odò ni ó gba àárín rẹ̀ kọjá, kò sí ní etí òkun rárá, yunifásítì rẹ̀ sì ti wà láti ọdún 1817. Láti ọdún 1969 ni àwọn onímọ̀ nípa bí omi òkun ṣe ń rìn ti ń pàdé níbẹ̀ lọ́dọọdún. Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlú tí yunifásítì rẹ̀ ti lé ní 800 ọdún, ni olú ilé iṣẹ́ ìwádìí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lórí ilẹ̀ yìnyín ìsàlẹ̀ ayé wà, bẹ́ẹ̀ odò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń ṣeré ni wọ́n ní níbẹ̀. Ibi tí ilé ìkàwé bá wà, tí ìyàrá ìwádìí wà, tí àwọn tí yóò bá ọ jiyàn wà, ni irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ máa ń wọ́ lọ. Láti ọdún 1948, nígbà tí kọ́lẹ́ẹ̀jì yunifásítì bẹ̀rẹ̀ nínú ilé ìwòsàn ológun àtijọ́ ní Ẹlẹ́yẹlé, títí ó fi di yunifásítì tí ó dá dúró ní 1962, ni Ìbàdàn ti ń kó irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ jọ. Ilé iṣẹ́ ìwádìí ti igbó wà ní Jẹ́ríkò, ti oko wà ní Moor Plantation lọ́nà Apátá, ti kòkó wà ní Oníigàm̀bàrí, IITA, ilé ìwádìí àgbáyé lórí iṣẹ́ àgbẹ̀ ilẹ̀ olóoru, sì wà lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ láti 1967. Síbẹ̀, kí n má fi ìlú mi yangàn ju bó ti yẹ lọ: ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún ìwádìí òkun, NIOMR, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1975, Èkó ni ó wà. Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ ìwádìí ni o fẹ́ fojú rí, tàbí bí a ti ń sọ irinṣẹ́ sínú omi jíjìn, a jẹ́ pé bàbá rẹ ló jàre, kí o yáa dúró sí Èkó.

Ṣùgbọ́n ike ni iṣẹ́ tìrẹ, ìyẹn sì yí ọ̀rọ̀ padà. Bí o bá dúró lórí afárá Ògùnpa lẹ́yìn òjò ńlá, ohun tí o máa rí kì í ṣe omi: ọ̀rá ni, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, ọ̀rá ìrẹsì, ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò, sálúbàtà ẹsẹ̀ kan, gbogbo wọn ń wọ́ tẹ̀lé ara wọn bí ẹni ń lọ òde. Àwa tí a wà ní Ìbàdàn ní oṣù Kẹjọ ọdún 1980 mọ ohun tí odò yìí lè ṣe, nígbà tí pàǹtírí àti ilé tí a kọ́ sí ojú ọ̀nà omi dí i, tí ó sì gbé ènìyàn tí ó ju ọgọ́rùn-ún lọ. Omíyalé mìíràn tún wá ní oṣù Kẹjọ ọdún 2011. A ṣọ̀fọ̀ àwọn tí omi gbé, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n n kò rántí pé ẹnikẹ́ni béèrè ibi tí àwọn pàǹtírí náà wọlẹ̀ sí. Gbogbo omi ìlú yìí, gúúsù ni ó ń lọ. Odò Ọ̀ṣun tí wọ́n sé ní Asẹ́jírẹ̀ kí a lè rí omi mu, ọ̀sà Lẹ́kì ni ó ń wọ́ lọ. Láti inú ọ̀sà, omi a bọ́ sí òkun, ìṣàn òkun tiwa sì ń lọ láti ìwọ̀ oòrùn sí ìlà oòrùn, ìyẹn láti ọwọ́ Èkó sí ọwọ́ ilé yín ní Ìlàjẹ. Má ṣe torí èyí kọ ọ́ sára pósítà rẹ pé ọ̀rá Ìbàdàn ni ó wà nínú ikùn ṣáwá rẹ o. O kò ní ẹ̀rí rẹ̀, ẹnìkan yóò sì bi ọ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé ní Ìbàdàn ni o ti lè bá àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ mọ́ òkè odò pàdé, àwọn tí ń wọn omi, àwọn tí ń ka pàǹtírí, àwọn tí ó mọ iye òjò tí ń rọ̀. Àwọn yẹn kì í sábà wá sí àpérò etí òkun, nítorí wọ́n rò pé kò kàn wọ́n, gẹ́gẹ́ bí bàbá rẹ ṣe rò pé Ìbàdàn kò kàn ọ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ pósítà. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni mo ti rí tí ojú wọn fà ro nítorí rẹ̀, mo sì mọ ibi tí èrò náà ti wá: láàárín wa, ẹni tí wọ́n bá gbé gbohùngbohùn fún ni ènìyàn ńlá. Ohun tí mo ti fojú rí ni pé ẹni tí ń sọ̀rọ̀ nínú gbọ̀ngàn ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìdajì àwọn tí ó jókòó ń wo fóònù, ìdajì yòókù ń ronú nípa ọ̀rọ̀ tí àwọn náà fẹ́ sọ, alága ìjókòó a sì gba ìbéèrè méjì péré kí ó tó kan tábìlì. Ní ìdí pósítà, ẹni tí ó bá dúró ti fẹ́ dúró ni. Àwọn tí mo bá ṣiṣẹ́ pọ̀ pẹ́ jùlọ láyé mi, ìdí pósítà ni mo ti pàdé wọn, ọ̀kan nínú wọn nítorí pé mo ti ṣi àmì kan kọ sínú àtẹ ìṣirò, ó sì tọ́ka sí i láìṣe ẹ̀sín. Mo gbà pé àwọn ìgbìmọ̀ kan máa ń fi pósítà ṣe ibi tí wọ́n ń kó àwọn ọmọdé sí. Ìyẹn wà. Ṣùgbọ́n fún iṣẹ́ oyè ìjìnlẹ̀ kejì tí kò tíì parí, èmi ìbá fúnra mi bẹ̀bẹ̀ fún pósítà bí wọ́n bá ní kí n wá sọ̀rọ̀.

Kí o ṣe é dáadáa ni ó kù. Ìwọ̀n tí wọ́n sábà máa ń béèrè jẹ́ nǹkan bíi 84 sí 119 sẹ̀ǹtímítà, ṣùgbọ́n béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá òòró ni wọ́n ń fi í kọ́ tàbí ìbú, nítorí mo ti rí ẹni tí ìdajì iṣẹ́ rẹ̀ fì sílẹ̀ lábẹ́ pátákó. Má ṣe kó gbogbo orí kejì iṣẹ́ rẹ sí i. Àwòrán ikùn ẹja kan tí a là, àwòrán fọ́nrán ike tí o rí nínú rẹ̀, máàpù ibi tí o ti gba ẹja, àtẹ kan, gbólóhùn díẹ̀, ó tó. Ẹni tí ó dúró ní ìwọ̀n ìgbésẹ̀ méjì sí i gbọ́dọ̀ lè kà á láìna ọrùn. Tẹ̀ ẹ́ sórí fílẹ́ẹ̀sì tí wọ́n fi ń ṣe bánà, kì í ya, òjò kì í sì í pa á, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ike ni òun náà, ẹnìkan yóò sì fi ìyẹn dápàárá.

Ìbéèrè tí yóò le jù ni ti aṣọ ọrùn rẹ. Ike wínníwínní, ìyẹn èyí tí kò tó mìlímítà márùn-ún, pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ yàrá iṣẹ́, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ fọ́nrán tí ń já bọ́ lára aṣọ wa. Wọn yóò bi ọ́ bóyá aṣọ òwú ni o wọ̀ nígbà tí o ń la ẹja, bóyá o gbé àwo tí omi mímọ́ nìkan wà nínú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ iṣẹ́ rẹ láti mọ iye fọ́nrán tí afẹ́fẹ́ dà sí i, àti bóyá o yọ iye yẹn kúrò nínú èsì rẹ. Bí o kò bá ṣe é, sọ pé o kò ṣe é, má dọ́gbọ́n sí i. Wọn yóò tún béèrè ohun tí o fi yọ́ ẹran inú ikùn náà. Bí ó bá jẹ́ potassium hydroxide ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ni, bí ọ̀pọ̀ ti ń ṣe, jẹ́ kí wọ́n mọ̀, pẹ̀lú iye wákàtí àti bí ó ti gbóná tó. Lẹ́yìn náà ni ti pé báwo ni o ṣe mọ̀ pé ike ni. Ojú lásán àti máíkíròsíkóòpù kò tó láti jẹ́rìí, ẹ̀rọ tí ẹ ń pè ní FTIR ni ó lè sọ irú ike tí ó jẹ́. Ibi tí ìmọ̀ tèmi mọ nìyẹn, nítorí ẹja ni mo mọ̀. Ẹ̀rọ yẹn dé ọwọ́ àwọn ènìyàn wa lẹ́yìn tí mo ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́, n kò fi ọwọ́ ara mi lò ó rí.

Ẹ̀rọ yìí gan-an ni ó gbé wa dé ìdí owó. Bí owó ọwọ́ rẹ bá tó ohun kan ṣoṣo, láàárín àpérò àti ṣíṣe àyẹ̀wò FTIR fún díẹ̀ nínú àwọn fọ́nrán rẹ, tí alábòójútó rẹ kò sì lè gbé èyíkéyìí nínú méjèèjì, èmi ìbá kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò, nítorí pé iṣẹ́ ni yóò gbé ọ dé àpérò mìíràn, àpérò kò lè gbé iṣẹ́ tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé o máa yá owó ni, má lọ. Ṣùgbọ́n kí o tó pinnu, kọ̀wé sí àwọn tí ń ṣètò rẹ̀, béèrè bóyá iye tí akẹ́kọ̀ọ́ ń san yàtọ̀, bóyá wọ́n ń gba ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ ìgbàlejò láìsanwó, bóyá ènìyàn lè wá fún ọjọ́ pósítà nìkan. Ojú tì mí nígbà èwe mi láti béèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀, mo sì ti rò ó wò pé ìtìjú yẹn ná mi ní owó tí ó pọ̀. Ti pé kí o gbọ́ ọ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì dára fún gbígbọ́ ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò dúró nídìí pósítà tí ó wà lórí fóònù.

Ṣọ́ra pẹ̀lú. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti dá ilé iṣẹ́ mínísítà fún ọ̀rọ̀ omi òkun àti ọrọ̀ ajé inú rẹ̀ sílẹ̀ ní 2023, àpérò lórí òkun ń hù bí olú. Mo sanwó fún ọ̀kan nígbà kan rí, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Àárọ̀ ni mo fi àṣamọ̀ ránṣẹ́, ọ̀sán ni wọ́n ti gbà á, ó yẹ kí ìyẹn ti là mí lójú. Nígbà tí mo débẹ̀, àwa mẹ́tàlá ni a jókòó sínú gbọ̀ngàn ńlá, ọ̀rọ̀ ìpamọ́ àgbàdo ni ẹni àkọ́kọ́ sọ, ìwé tí wọ́n ní àwọn yóò fi gbogbo iṣẹ́ wa ṣe kò sì jáde di òní. Nítorí náà, wò ó bóyá wọ́n fi àkíyèsí àwọn tí ó yẹ iṣẹ́ rẹ wò ránṣẹ́ sí ọ, bóyá orúkọ ẹ̀ka kan ní yunifásítì wà lẹ́yìn rẹ̀ tí alábòójútó rẹ lè pè, àti bóyá àpò owó ti ẹgbẹ́ tàbí ti ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ní kí o sanwó sí, kì í ṣe ti ẹnìkan. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé, tí owó sì wà láìyá, wá.

Ti ọ̀nà kò le. Ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ṣí ní oṣù Kẹfà ọdún 2021 ń gbéra ní Alágómejì, ó sì ń já èrò sí Mọ́níyà. Láti ibẹ̀, o máa gba Òjòó àti Ọ̀rọ́gùn kọjá kí o tó dé ẹnu ọ̀nà yunifásítì, máíkírà ni yóò gbé ọ, wọn yóò sì fún yín pọ̀ bí ẹja inú agbọ̀n, nítorí náà, ọwọ́ ni kí o fi mú pósítà rẹ tí o ká, má fi sí búùtù. Agbowó wà ní òdìkejì ọ̀nà, ibẹ̀ ni o ti máa rí akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ jọ lè pín yàrá, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti lè tún bánà tẹ̀ bí èyí tí o gbé wá bá kán.

Ní ti bàbá rẹ, má bá a jiyàn. Lọ jókòó tì í ní ọjọ́ tí ó bá ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe, kí o bi í pé yàtọ̀ sí ẹja, kí ni àwọ̀n náà ń kó wá sókè láti nǹkan bí ọdún mélòó sẹ́yìn, oṣù wo ni ó máa ń pọ̀ jù, ìhà ibo ni ó sì ti ń wá. Òun mọ Ayétòrò nígbà tí ilẹ̀ rẹ̀ ṣì gbòòrò kí òkun tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ilé, ohun tí ó máa sọ kò sí nínú ìwé kankan tí mo fi kọ́ni. Kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ti sọ ọ́ gan-an, ní ẹ̀ka èdè yín. Kọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú gbólóhùn rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ pósítà náà lápá ọ̀tún, kí o sì béèrè orúkọ tí ó fẹ́ kí o fi sí i.